Owó-Orí, Etí Ọba àti Ọ̀tẹ̀ Àwọn Mẹ̀kúnnù

Ìfáárà

Bí kò bá ní ìdí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọ̀rọ̀ rògbòdìyàn kò yàtọ̀ sí èyí. Kò sí ìlú kan ní ayé tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kàn jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun ilé, tí wọ́n ń fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n sì ń lé ọba wọn kúrò lórí oyè. Síbẹ̀, nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ohun tí ojú rí ní ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu àwọn ènìyàn. Àwọn kan á ní owó-orí ni ó fà á. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn jàǹdùkú ni. Àwọn tí ó wà nípò àṣẹ á ní ọ̀tá ìjọba ni ó rán wọn. Ohun tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé kì í tètè hàn.

Nínú gbogbo ohun tí àwọn òpìtàn ń kà sí okùnfà ọ̀tẹ̀, owó-orí wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Èyí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fún irú owó yìí ní èdè wọn, orí ni ó túmọ̀ sí, nítorí pé orí ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó gbà á. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wo ìtàn àwọn ọ̀tẹ̀ wọ̀nyí, yóò rí i pé owó-orí nìkan kì í dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mẹ̀kúnnù a máa san owó, àní owó tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìgbà tí wọ́n bá ráhùn títí, tí kò sí ẹni tí ó gbọ́, ni wọ́n ń gbé kùmọ̀.

Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òwe yìí ni ó ṣe àlàyé ọ̀ràn náà jù lọ. Ọba kan kò lè wà níbi gbogbo; àwọn ènìyàn ni ó fi ń gbọ́ ohun tí ń lọ. Bí àwọn tí ó yẹ kí ó jẹ́ etí ọba bá wá di ọwọ́ tí ọba fi ń gba owó nìkan, ọba náà yóò di adití láìmọ̀.

Ètò àtijọ́

Kì í ṣe àwọn Òyìnbó ni ó kọ́ Yorùbá ní sísan nǹkan fún ìjọba. Kí wọ́n tó dé ni àwọn àgbẹ̀ ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀, tí àwọn oníṣòwò ń san owó-ibodè, tí àwọn ìlú kéékèèké sì ń gbé ìsìn lọ fún ọba tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ ní àsìkò ọdún. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣàkíyèsí nínú ètò yìí ni ọ̀nà tí ó ń gbà. Láti ọwọ́ baálé ni ìsìn ti ń dé ọwọ́ baálẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, láti ọwọ́ baálẹ̀ ni ó ti ń dé ọwọ́ ìjòyè tí ó jẹ́ babakékeré ìlú náà. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sì ti ń dé ààfin. Ọ̀nà kan náà yìí ni ẹ̀dùn ọkàn àwọn ará ìlú ń gbà gòkè. Ẹni tí ó gba ìsìn lọ́wọ́ ènìyàn jẹ ẹ́ ní gbèsè àtigbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí Aláàfin bá sì wá kọ etí ikún sí ìlú, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ní agbára láti kọ̀ ọ́ lọ́ba.

Èyí kò fi hàn pé ayé àtijọ́ dára tán. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó ṣẹ́gun. Iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ ni kí ó jẹ́ ojú àti etí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ ara wọn di ọwọ́ àti ẹnu: wọ́n ń gba ohun tí ó wù wọ́n, wọ́n sì ń jẹ ohun olóhun. Nígbà tí Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀ ní ọdún 1878, ó dà bí ẹni pé ìbínú ẹnì kan ni ó di ogun. Ṣùgbọ́n ikú ajẹ́lẹ̀ kan kò tó láti mú kí ogun Kírìjì pẹ́ títí di ọdún 1893. Ìjà wà lórí ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun, ìyà sì ti wà nílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìlú ti jẹ fún ọdún pípẹ́ láìrí ẹni ké sí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1381

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá gbé owó-orí wọ ilẹ̀ Yorùbá ti rí irú ọ̀tẹ̀ yìí ní ìlú tiwọn, ní ohun tí ó lé ní 500 ọdún ṣáájú. Ní ọdún 1348 àti 1349, àjàkálẹ̀ àrùn kan pa tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà, ó kéré tán. Nígbà tí ènìyàn dín kù, alágbàṣe di ọ̀wọ́n, ó sì yẹ kí owó iṣẹ́ gòkè. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ fi òfin de owó iṣẹ́ ní ọdún 1351 pé kò gbọdọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó sì wà tí òfin so mọ́ ilẹ̀ olówó wọn bí ìwọ̀fà tí kò ní ọjọ́ ìràpadà. Lórí gbogbo èyí, ogun tí wọ́n ń bá ilẹ̀ Faransé jà ń gbọ́n àpò ìjọba gbẹ.

Láàrin ọdún 1377 sí 1381, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìjọba gba owó-orí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, pẹ́nì 4 ni wọ́n bù lé orí kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà kẹta, pẹ́nì 12 ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi orúkọ ará ilé wọn pamọ́, ìjọba sì rán àwọn olùwádìí jáde láti tún wọn kà. Ìgbà tí àwọn olùwádìí wọ̀nyí dé ìgbèríko Essex ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 1381 ni iná ràn. Àwọn ará Kent náà dìde. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà, wọ́n wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bẹ́ orí Simon Sudbury, olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó tún jẹ́ olórí àwọn ìjòyè ọba, àti ti Robert Hales, akápò ìjọba.

Ọba Richard II, ọmọ ọdún 14, jáde lọ bá wọn. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ju owó-orí lọ: wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ ẹrú orí ilẹ̀ mọ́. Wọ́n tún sọ pé àwọn kò bá ọba jà, àwọn ìjòyè tí ó yí i ká ni àwọn ń bá jà. Èrò wọn ni pé bí ohùn àwọn bá lè dé etí ọba fúnra rẹ̀, ọ̀ràn yóò yanjú. Ọba gbà, ó sì kọ ìwé òmìnira fún wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 15 oṣù náà wọ́n pa olórí wọn, Wat Tyler, níwájú ọba, kò sì pẹ́ tí ọba fi fagi lé gbogbo ìwé tí ó kọ. Síbẹ̀, ìjọba kò tún dán irú owó-orí bẹ́ẹ̀ wò fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wọ́n létí, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Abẹ́òkúta àti Àbá

Ìwé àdéhùn ọdún 1893 fi àwọn Ẹ̀gbá sílẹ̀ láti máa ṣe ìjọba ara wọn. Òmìnira yìí dópin ní ọdún 1914, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ-ogun yìnbọn pa àwọn ará Ìjemọ̀. Lugard tí ó jẹ́ Gómìnà nígbà náà mú ètò tí ó ti lò ní ilẹ̀ Hausa wá sí ìsàlẹ̀ odò: ọba kan ni ìjọba yóò mọ̀, òun ni yóò sì kó owó-orí jọ fún un. Aṣọ tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wọ Ẹ̀gbá yìí. Àwọn Ògbóni, Olórógun àti Pàràkòyí ni ó ti ń bá ọba tún ìlú ṣe ní Abẹ́òkúta láti ìgbà tí ìlú náà ti dúró, àwọn ìlú tí ó para pọ̀ di Ẹ̀gbá sì ní olórí tiwọn. Lábẹ́ ètò tuntun, wọ́n ti gbogbo àwọn wọ̀nyí sẹ́yìn, wọ́n sì kó àṣẹ lé Aláké Gbádébọ̀ lọ́wọ́. Ọba tí ó ti jẹ́ etí ìlú wá di ọwọ́ ìjọba.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1918 ni owó-orí bẹ̀rẹ̀. Ní àárín ọdún kan náà ni àwọn ará oko dìde. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n sì gé wáyà tẹligíráàmù. Àwọn ọmọ-ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni ìjọba fi pa ọ̀tẹ̀ náà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀mí ni ó ṣòfò nínú ohun tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ogun Àdùbí. Ó yẹ kí ènìyàn ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n kọlù: irin àti wáyà, àwọn ohun tí ń mú àṣẹ ìjọba wá láti Èkó, tí kì í sì í gbé ẹ̀dùn ọkàn àwọn ará oko padà lọ.

Ọdún 11 lẹ́yìn èyí ni ti àwọn obìnrin Ìgbò ṣẹlẹ̀. Kò sí ọba nínú ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbò, nítorí náà ìjọba yan àwọn kan, ó fún wọn ní ìwé àṣẹ, ó sì pè wọ́n ní olóyè. Àwọn ará ìlú kò mọ̀ wọ́n sí olórí. Kí owó-orí àwọn ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1928, ìjọba ti ka àwọn ènìyàn láìsọ fún wọn pé owó-orí ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kà wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ olóyè kan dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ń jẹ́ Nwanyeruwa ní Oloko, ní oṣù kọkànlá ọdún 1929, tí ó ní kí ó ka àwọn ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn rẹ̀, kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé mọ́. Ìjọba búra pé òun kò ní gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin. Òótọ́ ni ó sì ń sọ ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í rí ẹni gba òótọ́ rẹ̀ gbọ́. Owó epo pupa ti wálẹ̀ ní àsìkò kan náà, ọkàn àwọn obìnrin sì ti gbóná. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jáde láti Àbá dé ìlú mìíràn. Àwọn ọmọ-ogun àti ọlọ́pàá yìnbọn, obìnrin tí ó lé ní 50 ni ó kú. Lẹ́yìn ìwádìí, ìjọba tú ètò àwọn olóyè oníwèé-àṣẹ náà ká.

Ti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ní ọdún 1947 yàtọ̀ díẹ̀, ìyàtọ̀ náà sì ní ẹ̀kọ́ nínú. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń san owó-orí tiwọn lọ́tọ̀, wọn kò sì ní ẹnì kankan nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ yìí kọ ìwé, ó rán ikọ̀, ó sì gba ẹni tí ó mọ ìṣirò owó láti yẹ ìwé owó ìlú wò. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ kò mú èso wá ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin ní ìparí ọdún 1947. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, owó-orí obìnrin dúró, àwọn obìnrin sì wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú. Ìjà náà le, ṣùgbọ́n kò di ogun. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tí ń ráhùn ní ẹgbẹ́ tí ó lè sọ̀rọ̀ ní orúkọ wọn, àwọn tí ó wà nípò àṣẹ sì dáhùn níkẹyìn kí ìbọn tó dún.

Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969

Kò sí ibi tí ọ̀ràn yìí ti hàn kedere ju ti Àgbẹ́kọ̀yà lọ. Orúkọ náà pàápàá sọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀: àgbẹ̀ kọ ìyà. Kì í ṣe àgbẹ̀ kọ owó-orí.

Láti lóye ìyà tí wọ́n kọ̀, ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti orí kòkó. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, àrùn kan tí ń mú ẹ̀ka igi kòkó wú wọ oko àwọn ará Ìbàdàn. Ìjọba rán àwọn òṣìṣẹ́ láti gé àwọn igi náà lulẹ̀ kí àrùn má ba ràn. Ní ti ìmọ̀ ọ̀gbìn, wọn kò ṣìṣe. Ṣùgbọ́n igi tí ó ṣì ń so lójú àgbẹ̀ ni wọ́n ń gé, igi tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú. Láti inú ìbínú yẹn ni ẹgbẹ́ Màáyégún ti dìde, Adégòkè Adélabú sì gbè sẹ́yìn wọn. Láti ìgbà náà ni ojú tí àwọn àgbẹ̀ fi ń wo òṣìṣẹ́ ìjọba lóko ti yí padà.

Èkejì ni ti Mákẹ́tìǹ Bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù yìí nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ta kòkó sí òkè òkun. Kí ọdún kòkó tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà, iye náà sì máa ń kéré sí èyí tí wọ́n ń tà á lọ́jà àgbáyé. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn ń fi èlé náà pamọ́ de ọdún tí ọjà bá burú. Owó náà pọ̀. Apá kan rẹ̀ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe iṣẹ́ rere tí gbogbo ènìyàn rí. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Adájọ́ Coker ṣe ní ọdún 1962 fi hàn pé owó ńlá ti gba ilé-iṣẹ́ aládàáni kan kọjá sí àpò ẹgbẹ́ òṣèlú. Nígbà tí ọjà wá burú lóòótọ́, tí ìjọba dín owó kòkó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ní ìparí ọdún 1965, èlé tí wọ́n ní àwọn ń tọ́jú fún àgbẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ ìyà. Èyí túmọ̀ sí pé àgbẹ̀ kòkó ti san owó-orí kan lórí ìwọ̀n kí akówó-orí tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti gba òmíràn.

Ẹ̀kẹta ni àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké tí ń wọ oko. Àwọn ayẹ̀kòkó-wò a máa sọ pé kòkó tí ó dára kò dára, títí tí àgbẹ̀ yóò fi na ọwọ́ sí wọn. Àwọn wolé-wolé a máa wá wo àmù àti àyíká ilé, wọn a sì gbé àgbẹ̀ lọ sí kóòtù. Àwọn akówó-orí a máa dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà, wọn a sì wọlé onílé ní òru. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà oko kò ṣe é gbà, omi kò sí, iná kò sí. Ohun tí owó náà ń ṣe kò hàn ní abúlé tí wọ́n ti gbà á.

Ẹ̀kẹrin ni ó burú jù. Láyé ìjọba àwọn olóṣèlú, àgbẹ̀ ní kánsílọ̀, ó sì ní aṣojú ní ilé aṣòfin. Àwọn wọ̀nyí lè jẹ́ olè, wọ́n lè jẹ́ òpùrọ́, ṣùgbọ́n wọ́n nílò ìbò rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá sí abúlé rẹ̀. Ìjà òṣèlú tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962 ba èyí jẹ́. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1966, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú, àwọn tí ìjọba yàn ni ó sì ń ṣàkóso ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Àwọn ọba àti baálẹ̀ nìkan ni ó kù láàrin ìjọba àti àgbẹ̀, iṣẹ́ tí ìjọba sì fi rán wọn ni kí wọ́n ran ìkówó-orí lọ́wọ́. Ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, owó tí ìjọba ń wá sì ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ojú ọ̀nà tí owó ń gbà gòkè ṣí sílẹ̀, tí gbogbo ojú ọ̀nà tí ẹjọ́ ń gbà gòkè sì dí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ ya wọ Ìbàdàn, wọ́n sì dojú kọ gbọ̀ngàn Mápó. Ìbọn dún, ènìyàn kú. Ní oṣù kejìlá, rògbòdìyàn náà ti ràn dé ìlú mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ní àwọn yóò san ni ṣílè 30, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́ mẹ́fà ní ìṣirò owó ẹyọ tí àwọn àgbà ṣì ń lò. Ó yẹ kí ènìyàn ronú sí èyí dáadáa: wọn kò ní àwọn kò ní san. Wọ́n dárúkọ iye tí agbára wọn ká.

Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Ayọ̀ọlá. Àwọn àgbẹ̀ wá síwájú rẹ̀, wọ́n sì sọ tẹnu wọn. Ìjọba ṣe àtúnṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí àwọn àgbẹ̀ fojú sí, ìkówó-orí sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó rojọ́ tí wọn kò sì dá a lóhùn, inú rẹ̀ a máa ru ju ti ẹni tí kò tíì rojọ́ lọ. Ní oṣù keje ọdún 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé. Ìwà ìkà ni èyí, kò sì sí àlàyé tí ó lè sọ ọ́ di rere. Ṣùgbọ́n ó fi ibi tí nǹkan bàjẹ́ dé hàn: nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọba ti jẹ́ igbákejì òrìṣà, àwọn ènìyàn kò rí nǹkan kan lára ọba mọ́ ju ọwọ́ akówó-orí lọ. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀.

Ọlọ́pàá àti ọmọ-ogun kò parí ọ̀ràn náà. Àwọn àgbẹ̀ mọ igbó ju wọn lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó jẹ́ Kọmíṣánnà fún ètò ìṣúná ní ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, wọ abúlé lọ bá Tàfá Adéoyè tí ó jẹ́ olórí wọn. Ó jókòó, ó sì gbọ́. Lẹ́yìn ìpàdé náà, ìjọba dín owó-orí kù sí pọ́n-ùn 2, ogun oko sì rọlẹ̀.

Pọ́n-ùn 2 jẹ́ ṣílè 40. Ṣílè 30 ni àwọn àgbẹ̀ béèrè. Ṣílè 10 ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tí mẹ̀kúnnù ní òun lè san àti ohun tí ìjọba gbà níkẹyìn. Láàrin béèrè àti gbígbà, nǹkan bí ọdún kan kọjá, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti ọlọ́pàá kú, ọba kan kú, ẹ̀wọ̀n fọ́. Kò sí ohun kan nínú àdéhùn oṣù kẹwàá tí wọn kò lè ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún tí ó ṣáájú, bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti lọ jókòó.

Ṣé àwọn olóṣèlú ni?

Àwọn kan sọ nígbà náà pé àwọn olóṣèlú tí wọ́n ti lé kúrò nípò ni ó ń ti àwọn àgbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí wà nínú gbogbo ìtàn rògbòdìyàn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà sọ ọ́ ní Abẹ́òkúta: wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ni ó wà nídìí rẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé àwọn kan fẹ́ jẹ àǹfààní lára ìjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ sun oko, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń dúró dè. Kò sí bí ó ti lè ṣáná tó, koríko tútù kò ní gbiná. Ìjọba tí ó bá ń wá ẹni tí ó ṣáná nìkan, tí kò béèrè ohun tí ó gbẹ koríko, yóò mú ẹnì kan, yóò sì tún rí iná ní ọdún tí ń bọ̀.

Bákan náà ni kò tọ́ láti sọ pé ìyà nìkan tó. Ìyà pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi tí kò sí ọ̀tẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn tí ó wà lókè yìí, nǹkan mẹ́ta ni ó ń pàdé: owó tí wọ́n bù lé orí láìwo agbára, agbowó tí kò sí ní ìhà àwọn tí ń san án mọ́, àti ẹjọ́ tí kò rí ibi gbà lọ. Méjì àkọ́kọ́ lè wà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ìlú ṣì wà ní àlàáfíà. Ìgbà tí ẹ̀kẹta bá kún un ni ìlú ń gbiná.

Ìkádìí

Ọ̀ràn yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba Margaret Thatcher tún bu owó lé orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní Scotland ní ọdún 1989, ní England àti Wales ní ọdún 1990. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní àárín Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1990, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò dàrú, nítorí pé àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Thatcher fúnra wọn rí ìbò tí ń bọ̀ níwájú. Ó kúrò lórí oyè ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nígbà tí ó sì di ọdún 1993 wọ́n ti fi owó tí ń wo iye owó ilé rọ́pò rẹ̀. Ní Kẹ́ńyà, ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àwọn ọ̀dọ́ jáde nítorí òfin owó-orí tuntun. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kí àwọn aṣòfin tó dìbò. Àwọn aṣòfin dìbò fún un síbẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, wọ́n ya wọ ilé aṣòfin, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn, ọ̀pọ̀ kú. Ní ọjọ́ kejì ni Ààrẹ Ruto ní òun kò ní fọwọ́ sí òfin náà mọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ó wà láàrin ohun tí kò ṣeé ṣe àti ohun tí ó ṣeé ṣe.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìjọba tí ó gbọ́ ti akápò rẹ̀ nìkan, tí kò gbọ́ ti ẹni tí yóò san owó, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó gbọ́. Owó-orí kò burú. Ìlú kan kò lè dúró láìsí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìjọba bá là sí ẹnu ilé mẹ̀kúnnù láti máa gba owó, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀nà tí mẹ̀kúnnù náà lè tọ̀ padà láti lọ rojọ́. Bí kò bá rí i tọ̀ pẹ̀lú ẹnu, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò fi kùmọ̀ tọ̀ ọ́.